Ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Yunifásítì Kentucky tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Mark Pope tún kọ́ láti ìpìlẹ̀: kí ló gbé e ró, kí ló sì já a kulẹ̀?

Àjàní_Lexington kọ̀wé ní ọdún 2025, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, pé:

Ẹ kú àsìkò yìí, ẹ̀yin ará. Nísinsìnyí tí àwọn ikọ̀ NBA, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, ti mú ọmọ Kentucky méjì nínú draft ọdún 2025, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń yan àwọn ọmọ tuntun, Koby Brea ní ipò 41 àti Amari Williams ní ipò 46, mo rò pé ó tó àsìkò kí a yẹ sáà 2024-25 wò fínnífínní, nítorí pé nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, igbe ni gbogbo wa ń ké.

Fún àwọn tí kò bá wa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ní oṣù kẹta ọdún 2024, yunifásítì Oakland tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka sí na Kentucky ní 80 sí 76 ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje NCAA, ìyẹn ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, Jack Gohlke nìkan sì ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta mẹ́wàá wọlé lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí John Calipari, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti lo ọdún 15 níbẹ̀, kó lọ sí Yunifásítì Arkansas, tí wọ́n sì mú Mark Pope wá láti yunifásítì BYU. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, kò ku ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ sikọláṣíìpù ní sáà tó ṣáájú. Nínú oṣù díẹ̀, Pope kó ikọ̀ odindi jọ: Lamont Butler láti San Diego State, Jaxson Robinson tó tẹ̀ lé e láti BYU, Brea láti Dayton, Williams láti Drexel, Otega Oweh láti Oklahoma, Andrew Carr láti Wake Forest, Brandon Garrison láti Oklahoma State, Kerr Kriisa láti West Virginia, Ansley Almonor láti Fairleigh Dickinson, àti àwọn ọmọ tuntun mẹ́ta, Collin Chandler, Travis Perry àti Trent Noah.

Èrò mi ni pé bí ẹnì kan ṣe máa bá ẹnì kejì mu lórí pápá ni Pope fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tó ń yàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi Williams ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ti fi oyè ẹni tó mọ ẹ̀yìn ṣọ́ jù lọ dá a lọ́lá nínú líìgì tí Drexel wà. Gíga rẹ̀ àti bó ṣe ń dí àwọ̀n ni àwọn mìíràn ń wò. Pope wo ọwọ́ òsì tó lè fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: Williams á dúró nítòsí ìlà ìjù ọ̀fẹ́, á kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n, bọ́ọ̀lù á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Brea á sáré wá bí ẹni tó fẹ́ gbà á. Bí ẹni tó ń ṣọ́ Brea bá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ara Williams á dí i lọ́nà, Brea á gba bọ́ọ̀lù, á sì jù ú láti òkèèrè. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá sì gba iwájú lọ pàdé rẹ̀, Brea á yí padà lójijì sí abẹ́ àwọ̀n, bọ́ọ̀lù á sì ti dé ọwọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú. Ètò yìí kò lè ṣiṣẹ́ bí ìjù ẹni tó ń sáré náà kò bá ba àwọn alátakò lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni Brea ti ju ìdá 49.8 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta rẹ̀ wọlé ní Dayton ní 2023-24, tí kò sì sí ẹni tó jù ú lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ìgbà 24 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù nígbà 12, wọ́n sì wọ ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rìndínlógún, ìyẹn ìgbà tó ku ikọ̀ mẹ́rìndínlógún nínú ìdíje NCAA, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2019. Ẹ wá gbọ́ tiyín.


Bàbá_Alágogo fèsì pé:

Àjàní, mo kí ọ. O kọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n bí o ṣe ń yin Pope, ó dà bí ẹni pé Calipari kò gbé nǹkan kan ṣe rí ní Lexington, ìlú tí Yunifásítì Kentucky wà. Ìdíje NCAA mẹ́rin ni ó gbé wọn dé ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin, ní 2011, 2012, 2014 àti 2015, ó sì gba ife ní 2012. Nínú ilé yìí kan náà, ó yẹ kí gbogbo wa rántí Fẹ́mi Adébáyọ̀ tí ayé ń pè ní Bam, ọmọ wa tó lo ọdún kan péré lábẹ́ Calipari kí Miami tó mú un ní ipò 14 ní ọdún 2017. Ibo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wọlé sí nínú ìlànà Pope, tó jẹ́ pé àwọn tó ti lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì ló kún ibẹ̀?

Ẹ má sì gbàgbé pé Arkansas náà tún ikọ̀ kọ́ láti ìpìlẹ̀ ní ọdún kan náà, pẹ̀lú Adou Thiero, DJ Wagner àti Zvonimir Ivisic tí wọ́n bá Calipari lọ láti Kentucky. Wọ́n pàdánù eré márùn-ún àkọ́kọ́ wọn nínú SEC, líìgì tí àwọn àti Kentucky jọ wà, gbogbo ènìyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ wọ́n wọ Rupp Arena, pápá Kentucky, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n na Pope ní 89 sí 79 lójú gbogbo àwọn tó wá hó lé Calipari lórí. Wọ́n borí Kansas àti St. John's ti Rick Pitino nínú ìdíje NCAA, ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rìndínlógún ni àwọn náà dé. Bí ìlànà méjèèjì bá gbé ènìyàn dé ibì kan náà, èwo ni a fẹ́ pè ní ọgbọ́n nínú wọn?


Olùkọ́_Ìbàdàn fèsì pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, kí ẹ tó lọ jìnnà. Ilé-ìwé girama ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbàdàn, àwọn ọmọkùnrin tó ga nínú wọn sì máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà bí àwọn ṣe lè fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n dé Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan là á yé mi bí ènìyàn mẹ́sàn-án ṣe lè kúrò ní yunifásítì mẹ́sàn-án kí wọ́n sì pàdé ní ẹyọ ibì kan láàárín oṣù díẹ̀. Ṣé kò sí òfin tó de ọmọ mọ́ ibi tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ni? Ta ló sì ń san owó tí mo ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀?


Amòfin_Maryland fèsì pé:

Olùkọ́, ìbéèrè yín wúlò. Láyé àtijọ́, ọmọ tó bá kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ jókòó fún odindi ọdún kan kí ó tó lè gbá bọ́ọ̀lù. Mark Pope fúnra rẹ̀ jókòó bẹ́ẹ̀ nígbà tó kúrò ní Washington wá sí Kentucky ní 1993, lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀kan nínú àwọn balógun ikọ̀ tó gba ife ní 1996. Ní ọdún 2018 ni NCAA dá portal sílẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí ayélujára tí orúkọ ọmọ tó bá fẹ́ ṣípò máa ń wọ̀, tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yòókù á sì lè kàn sí i. Ní 2021 wọ́n gbà pé kí ọmọ ṣípò lẹ́ẹ̀kan láì jókòó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, oṣù tí Pope gba iṣẹ́ gan-an, wọ́n mú ìdíwọ̀n náà kúrò pátápátá, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ wo Jaxson Robinson: Texas A&M, Arkansas, BYU, lẹ́yìn náà Kentucky.

Ní ti owó, láti oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n ti gba àwọn agbábọ́ọ̀lù láyè láti gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, ó sì jẹ́ pé àwọn olówó tó fẹ́ràn yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló máa ń dáwó jọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní House, èyí tó gba yunifásítì fúnra rẹ̀ láyè láti san owó fún àwọn eléré rẹ̀ láti oṣù keje, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní sáà 2025-26 fún gbogbo eré ìdárayá pọ̀.

Ohun kan tún wà tí Àjàní kò mẹ́nu bà. Nítorí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, NCAA fún gbogbo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní 2020-21 ní ọdún kan sí i. Butler, Brea, Williams, Carr àti Robinson, ọdún karùn-ún ni gbogbo wọn ń lò. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá máa kó irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ jọ lọ́jọ́ iwájú yóò wá wọn tì, nítorí pé ọdún àfikún yẹn ti tán nílẹ̀.

Àti fún àwọn ọmọ yín ní Ìbàdàn, ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò ní òmìnira láti ṣiṣẹ́ gba owó yìí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò, wà ní Kentucky, ìgbà tí ikọ̀ náà rìnrìn àjò lọ sí Bahamas ní 2022 ni ó rí àyè ṣe iṣẹ́ ìpolówó, nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣe Amẹ́ríkà.


Ìyá_Eléré fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Amòfin. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ló ká mi lára jù nínú ìjíròrò yìí. Ọmọ mi ọkùnrin ku ọdún kan kí ó jáde ilé-ìwé girama ní Texas. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tó ń pè wá lóṣooṣù tẹ́lẹ̀ ti wá sọ fún wa láìfi bò pé òun kò ní àyè fún ọmọ ọdún 18, pé kí a lọ gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì kékeré kan fún ọdún méjì, kí a sì padà wá bá òun. Bí ẹ ṣe ń yin àwọn àgbà Pope, ẹ rántí pé àyè kọ̀ọ̀kan tí ẹni ọdún 23 bá gbà, ọmọ kan ló pàdánù rẹ̀.

Mo gbà fún Pope ní ohun kan. Àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ Kentucky méjì, Perry àti Noah, wà nínú ikọ̀ náà, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí àwọn àgbà farapa. Ṣùgbọ́n Perry tó ju àmì sáwọ̀n jù lọ nínú ìtàn ilé-ìwé girama ìpínlẹ̀ náà ti kó lọ sí yunifásítì Ole Miss ní ọdún 2025. Ẹ sọ fún mi, kí ni a fẹ́ pe ìyẹn?


Tóyìn_Oníṣirò fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí n dá wa padà sórí pápá. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìjù Kentucky kò dára. Wọ́n na Duke ní 77 sí 72, wọ́n na Florida ní 106 sí 100, àwọn tó padà gba ife NCAA, wọ́n tún wà lẹ́yìn Gonzaga pẹ̀lú àmì 16 ní ìdajì eré ní Seattle, síbẹ̀ wọ́n borí ní 90 sí 89 nínú àfikún àkókò. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n na ikọ̀ tó wà láàárín 15 àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà.

Àìsàn wọn ni dídènà. Ẹni tó bá gbà pé kí alátakò ju 100 sáwọ̀n lálẹ́ ọjọ́ tí òun borí, yóò pàdé alẹ́ tí bọ́ọ̀lù tirẹ̀ kò ní wọlé. Ẹ wo eré mẹ́ta tí wọ́n bá Tennessee gbá, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn wà. Nínú méjì àkọ́kọ́, 78 sí 73 ní Knoxville àti 75 sí 64 ní Lexington, ìdajì bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta ni Kentucky jù wọlé, 12 nínú 24 lẹ́ẹ̀mejèèjì. Irú ìjù bẹ́ẹ̀ kì í bá ènìyàn gbé. Nígbà tí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kẹta ní Indianapolis, nínú ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rìndínlógún, àwọn ọmọ Tennessee kò dúró de Brea mọ́ lẹ́yìn Williams. Wọ́n ń fi ara tì í láti ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Ìjù náà kò rí àyè yọjú, àwọn ọmọ Pope kò sì lè dá Zakai Zeigler àti Chaz Lanier dúró ní òdìkejì. 78 sí 65 ni ó parí sí.

Bàbá Alágogo, ẹ bi wá léèrè èwo ni ọgbọ́n nínú ìlànà méjèèjì. Lójú tèmi, àwọn ọmọ Arkansas kò mọ ibi tí ẹnì kejì wọn wà títí di oṣù kejì, àwọn ti Kentucky sì ti mọ̀ ọ́n láti oṣù kọkànlá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Kentucky tètè dé, Arkansas pẹ́ kí ó tó dé, ibi tí wọ́n dé sì jọra nítorí pé ara àwọn ọmọ Pope kò pé mọ́ nígbà tí ọjọ́ náà dé.


Àjàní_Lexington fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n Tóyìn, ẹ ti sọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Kriisa ṣẹ́ ẹsẹ̀ ní Seattle, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà náà. Èjìká Butler ń yọ ọ́ lẹ́nu láti oṣù kìíní. Robinson ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn ọwọ́ ní oṣù kẹta, ìyẹn sì jẹ́ òpin tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó ń darí bọ́ọ̀lù ni mo ń kà yẹn. Butler tó ju àmì 33 sáwọ̀n lójú Louisville láì tàsé ẹyọ kan láti orí pápá, tó tún jẹ́ pé ìjù rẹ̀ ló gbé San Diego State wọ àṣekágbá ní 2023, ẹ ronú ohun tí ikọ̀ yìí ì bá jẹ́ bí ara rẹ̀ bá le títí dé Indianapolis.

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n a kò lè di ẹ̀bi òfin NCAA lé Pope lórí. Nígbà tó dé, ilé ṣófo, ó sì ku oṣù méje kí eré bẹ̀rẹ̀.


Ọmọ_Ọ̀ṣogbo fèsì pé:

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ti sọ̀rọ̀ tó báyìí láì dúró lórí Otega Oweh, ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àbúrò Odafe Oweh tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà nínú líìgì NFL. Nínú gbogbo àwọn tí Pope kó jọ, òun ni ariwo rẹ̀ kéré jù nígbà tó dé, òun náà ló sì ju àmì sáwọ̀n jù lọ, 16.2 nínú eré kọ̀ọ̀kan.

Mo wà níwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Duke. 72 sí 72 ni, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Cooper Flagg, ọmọ tí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ mú ní draft. Flagg yí ara láti já wọ inú. Oweh kò fò, kò na ọwọ́ sókè bí àwọn yòókù ti máa ń ṣe. Ó dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó dúró de bọ́ọ̀lù níbi tí ó ti ń bọ̀ wá sókè láti ilẹ̀, ó já a gbà, ó sì sáré lọ sí òdìkejì títí wọ́n fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ju ọ̀fẹ́ méjèèjì wọlé.

Bákan náà ni ó ṣe padà sí Oklahoma níbi tó ti kúrò, tí àwọn èrò ibẹ̀ ń hó lé e lórí. Àmì 18 tí Kentucky jù kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló jù ú, 83 sí 82. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pàdé ní Nashville nínú ìdíje SEC, ó tún jù ú wọlé nígbà tí kò ku ìṣẹ́jú àáyá kan, 85 sí 84. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé ètò Pope dára púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ètò bá dí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó lè dá bọ́ọ̀lù gbé. Ẹyọ ẹnì kan ni wọ́n ní.


Bàbá_Alágogo fèsì pé:

Ọmọ Ọ̀ṣogbo, o ṣé. Ìdí tí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ Calipari gan-an nìyẹn: àwọn tó lè dá bọ́ọ̀lù gbé ni ó máa ń lọ wá. Reed Sheppard àti Rob Dillingham tí ó ní kẹ́yìn, ipò 3 àti ipò 8 ni wọ́n mú wọn ní draft 2024. Mo sì mọ ohun tí Àjàní yóò sọ, pé àwọn méjèèjì wà lórí pápá lọ́jọ́ Oakland. Wọ́n wà níbẹ̀. N kò jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ sí i, ìyẹn ni pé ilé àyágbé ni ikọ̀ yunifásítì ti dà báyìí. Kí n tó mọ orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí dáadáa, mẹ́fà ti parí, Kriisa ti kó lọ sí Cincinnati, Perry ti lọ sí Ole Miss.


Amòfin_Maryland fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, àwọn mẹ́rin dúró ní ọdún 2025: Oweh, tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú draft ní oṣù karùn-ún, Garrison, Chandler àti Noah. Ó kéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni ní 2024.


Tóyìn_Oníṣirò fèsì pé:

Ẹ wo àwọn tó wá kún wọn, ẹ ó sì rí i pé Pope ti ka eré Indianapolis yẹn lákàtúnkà. Mouhamed Dioubate láti Alabama, ìjàkadì lábẹ́ àwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀. Denzel Aberdeen wá láti Florida tó gba ife. Jaland Lowe láti Pitt ló máa darí bọ́ọ̀lù, Kam Williams láti Tulane sì gùn, ó sì lè ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Jayden Quaintance, tó ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí Kentucky nígbà Calipari kó tó yà sí Arizona State, ti padà sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún rẹ̀ tó ya ní oṣù kejì kò ní jẹ́ kó tètè bẹ̀rẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ àti dídènà ni ó rà ní ọdún 2025.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé n kò rí Brea mìíràn láàárín wọn. Nígbà tí Lowe bá gbé bọ́ọ̀lù wọlé, tí àwọn alátakò sì fà sẹ́yìn lọ kún abẹ́ àwọ̀n nítorí pé wọn kò bẹ̀rù ìjù ẹnikẹ́ni, ta ni yóò fà wọ́n jáde?


Ìyá_Eléré fèsì pé:

Ẹ̀yin ń wá ẹni tí yóò jù ú. Èmi ń wá ẹni tí yóò dúró níbi tí Amari Williams máa ń dúró, kí ó sì fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́. Quaintance kì í ṣe ẹni bẹ́ẹ̀, ìdènà ni tirẹ̀. Garrison lè ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ ni Malachi Moreno, ọmọ ìlú Georgetown tí kò jìnnà sí Lexington, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama. Ó ga púpọ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń wà lókè nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Pope bá fún ọmọ ọdún 18 yẹn láyè láti oṣù kọkànlá, èmi yóò mọ̀ pé ọmọ tèmi náà ṣì lè pe fóònù wọn.